Fínlándì nígbà ogun Hitler: ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ni, àbí wọn ò rí ọ̀nà mìíràn gbà?

Atúnfóònùṣe_Ẹ̀pẹ́:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan dìjà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn bá wa dá sí i.

Fóònù ni mo ń tún ṣe, lójú ọ̀nà tó lọ sí ọjà Olúwo. Oníbàárà mi kan, awakọ̀ tó ń ná Ẹ̀pẹ́ sí Ajah, jókòó tì mí kí n bá a pààrọ̀ gíláàsì fóònù rẹ̀. Rédíò ń sọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà àti Ukraine lọ́wọ́. Èmi ò rò ó jìnnà, mo ní ìlú kékeré tó bá múlé ti alágbára, kó yáa gbà fún un kí ẹ̀mí lè gùn. Awakọ̀ ní irọ́ ni. Ó ní ṣebí Fínlándì náà múlé ti Rọ́ṣíà, wọn ò gbà fún un, wọ́n sì wà títí dòní, kódà wọ́n ti wọ NATO ní 2023. Bàbá kan tó wá ra ṣájà bá yíjú padà, ó ní àwọn Fínlándì tí à ń pọ́n lé yẹn, Hitler ni wọ́n tẹ̀ lé lọ sógun. Ilé bá gbiná. Awakọ̀ ní bàbá ń pa irọ́ mọ́ wọn, bàbá ní kó lọ kàwé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà tún wá rú mi lójú sí i, torí ó jọ pé àwọn méjèèjì ló jàre. Wọ́n ní Rọ́ṣíà ló gbógun wá bá Fínlándì ní 1939. Wọ́n ní Fínlándì àti Jámánì jọ gbógun ti Rọ́ṣíà ní 1941. Wọ́n tún ní Fínlándì kan náà ló lé sójà Jámánì jáde ní 1944. Láàárín ọdún mẹ́fà péré! Irú ìlú wo nìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n ni? Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà nípò wọn ní 1939, tí Rọ́ṣíà ní kí ẹ fún òun ní ilẹ̀ díẹ̀, ṣé ẹ ó fún un? Ẹ má kọ ọ́ bí ìwé ìdánwò o. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni jókòó ti mi ní ṣọ́ọ̀bù.


Ọmọ_Pópó:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi bàbá oníṣájà sílẹ̀. Akọni ni àwọn èèyàn yẹn. Rọ́ṣíà ní èèyàn bíi 170 mílíọ̀nù nígbà náà, gbogbo Fínlándì ò tó 4 mílíọ̀nù. Ẹ lọ wo ọ̀rọ̀ Simo Häyhä. Àgbẹ̀ ni, ọdẹ ni, èèyàn kúkúrú báyìí. Á wọ aṣọ funfun, á dùbúlẹ̀ sínú yìnyín, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Kò lo awò sórí ìbọn rẹ̀, ojú lásán ló fi ń wò. Àwọn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ju 500 lọ láàárín ìgbà òtútù kan ṣoṣo. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ogun náà parí, ọta bà á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fọ́ egungun ẹnu rẹ̀, síbẹ̀ kò kú. Ọdún 2002 ló tó kú, ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́.

Èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀ Hitler yẹn, ẹni tí omi ń gbé lọ kì í wo ẹni tó na igi sí òun.


Tíṣà_Fẹ̀yìntì:

Ọmọ_Pópó, mo gbọ́ ti ọdẹ rẹ, ṣùgbọ́n ọdẹ kan kì í dá gba ìlú. Atúnfóònùṣe, o kú iṣẹ́. Bàbá oníṣájà yẹn ò purọ́. Awakọ̀ náà ò purọ́. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra wọn yé ni pé ogun mẹ́ta ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ọ̀kan.

Ìtàn ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹ̀pẹ́ níbí, kí ìjọba tó yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ wọn (ẹ má jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lórí ìyẹn). Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n tó dá ẹjọ́ ogun, kí wọ́n wo máàpù. Leningrad, tí a tún ń pè ní St Petersburg báyìí, ni ìlú tó tóbi ṣìkejì ní Rọ́ṣíà. Ní 1939, kò ju kìlómítà 32 lọ láti ibẹ̀ dé ààlà Fínlándì. Kò tó Ẹ̀pẹ́ sí Ajah. Stalin, olórí Rọ́ṣíà, ń wo Hitler, ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ogun lè gba ibẹ̀ wọlé. Síbẹ̀ òun àti Hitler kan náà ló fọwọ́ sí ìwé ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 1939 pé àwọn ò ní bá ara wọn jà. Wọ́n ní abala kan nínú ìwé náà tí wọn ò jẹ́ kí ayé rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti pín àwọn orílẹ̀-èdè tó wà láàárín wọn. Fínlándì bọ́ sọ́wọ́ Stalin. Àwọn tó ni ilẹ̀ ò gbọ́.

Oṣù kẹwàá, Stalin ránṣẹ́ pè wọ́n sí Moscow. Paasikivi ni wọ́n rán lọ, àgbà òṣèlú tó gbọ́ èdè Rọ́ṣíà dáadáa. Stalin ní kí wọ́n sún ààlà sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá Leningrad, kí wọ́n fún òun ní àwọn erékùṣù kan, kí wọ́n sì yá òun ní Hanko, èbúté wọn kan ní gúúsù, fún ọdún 30, kí òun kó sójà sí. Ó ní òun náà á fún wọn ní ilẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èyí tí òun gbà. Tí o bá gbọ́ ọ báyìí, wàá ní ọjà yìí mà dára. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ń gbà ni odi ààbò wọn wà, èyí tó ń fún wọn, igbó ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa ń ya àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu. Mannerheim, àgbà ọ̀gágun wọn, ní kí wọ́n fún un ní díẹ̀ nínú ẹ̀, torí òun mọ iye ọta tó wà nílé ìṣúra. Paasikivi náà ní kí wọ́n dúnàá dúrà. Àwọn olóṣèlú tí kò ní gbé ìbọn ló kọ̀. Erkko, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè, gbà pé Stalin kàn ń halẹ̀ ni.

Stalin ò halẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, ọta ìbọn ńlá balẹ̀ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Mainila ní ìhà Rọ́ṣíà, Rọ́ṣíà ní Fínlándì ló yìn ín. Fínlándì ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ wádìí ẹ̀. Wọ́n kọ̀. Ọjọ́ kẹrin sí i, bọ́ǹbù ti ń já bọ́ sí Helsinki. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gbé ìjọba kan kalẹ̀ fún Fínlándì ní abúlé ẹnu ààlà, wọ́n fi Kuusinen ṣe olórí ẹ̀, ọmọ Fínlándì tó ti ń gbé Moscow láti ìgbà ogun abẹ́lé 1918. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ ni òun fẹ́, kí ló fẹ́ fi ìjọba odindi ìlú ṣe?

Ogun yẹn gan-an ni ti Ọmọ_Pópó. Èmi ò ní sọ ti Häyhä. Ìkan tí mo fẹ́ràn ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá, lẹ́bàá adágún kékeré kan tó ń jẹ́ Varolampi. Sójà Rọ́ṣíà gba inú igbó yọ sí ẹ̀yìn àwọn ará Fínlándì lójijì. Ká ní wọ́n tẹ̀ síwájú ni, ibẹ̀ ìbá ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń dáná fún àwọn sójà ni wọ́n kọ́kọ́ kàn, ọbẹ̀ sọ́sééjì ń hó nínú ìkòkò. Òtútù ti mú wọn dé egungun, ebi ti lu ikùn wọn pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ni wọ́n bá dúró, wọ́n ń bu ọbẹ̀. Ọ̀gágun Pajari kó alásè, ó kó akọ̀wé, gbogbo ẹni tó wà nítòsí tó lè di nǹkan mú, wọ́n sì ká wọn mọ́ ìdí ìkòkò. Ogun Sọ́sééjì ni wọ́n ń pè é títí dòní.

Ní ojú ọ̀nà Raate, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1940, ti ibẹ̀ ò pani lẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ̀ẹgbẹ̀rún sójà Rọ́ṣíà tò lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ lójú ọ̀nà tóóró kan láàárín igbó, táǹkì ò lè yà sósì, kò lè yà sọ́tùn-ún. Àwọn ará Fínlándì so pákó gígùn mẹ́sẹ̀, wọ́n ń sá lórí yìnyín, wọ́n gé ìlà yẹn sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí ìbọn ò pa, òtútù pa á. Púpọ̀ nínú àwọn tó kú níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Ukraine tí wọ́n kó wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹni tí kò mọ ohun tí Fínlándì ṣe fún òun.

Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún Fínlándì. Wọ́n lé Rọ́ṣíà kúrò nínú àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ti ìgbà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní àwọn ń bọ̀ wá ràn wọ́n lọ́wọ́, Norway àti Swídìn ò jẹ́ kí wọ́n gba ilẹ̀ àwọn kọjá. Swídìn fi ìbọn àti owó ránṣẹ́, bíi 8,000 ọmọ rẹ̀ sì yọ̀ọ̀da ara wọn, ṣùgbọ́n ìjọba rẹ̀ ò wọ ogun. Nígbà tó di oṣù kejì 1940, Rọ́ṣíà kó ìbọn ńlá rẹpẹtẹ jọ, ó sì ya odi wọn. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta. Ohun tí wọ́n pàdánù pọ̀ ju ohun tí Stalin béèrè ní Moscow lọ: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ wọn lọ, Viipuri, ìlú ńlá wọn, lọ, àwọn tó kú tó 25,000, àwọn ogúnléńdé tó kẹ́rù lórí yìnyín ju 400,000 lọ. Kyösti Kallio, ààrẹ wọn, nígbà tó ń buwọ́ lù ú pé kí wọ́n gba ìwé náà, ṣépè pé kí ọwọ́ tó bá fọwọ́ sí irú nǹkan báyìí rọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ. Kí ọdún tó parí, ó kú sí ibùdókọ̀ rélùwéè Helsinki lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún un. Ẹni tó bá rò pé Yorùbá nìkan ló ń bẹ̀rù èpè, kó wá gbọ́.

Ní báyìí, ẹ wo ibi tí wọ́n wà. Jámánì ti gba Norway, ó ti gba Denmark. Faransé ti ṣubú. Rọ́ṣíà ti gbé Estonia, Latvia àti Lithuania mì ní 1940. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Molotov, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Rọ́ṣíà, lọ bá Hitler ní Berlin pé kí ó jẹ́ kí àwọn parí iṣẹ́ tó kù lórí Fínlándì. Hitler ní rárá. Kì í ṣe torí pé ó fẹ́ràn wọn, ó ti ń gbèrò láti lu Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ta ìbọn fún Fínlándì mọ́. Wọ́n gbà kí sójà Jámánì máa gba ilẹ̀ wọn kọjá. Nígbà tí Hitler ya wọ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 1941, sójà rẹ̀ ti wà ní àríwá Fínlándì. Ní ọjọ́ 25, Rọ́ṣíà ju bọ́ǹbù sí àwọn ìlú wọn, ni wọ́n bá ní ogun dé. Wọ́n ní àwọn kọ́ ló wà lẹ́yìn Hitler, pé àwọn kàn ń bá ọ̀tá kan náà jà ni.

Títí dé ibi tí wọ́n ti gba ilẹ̀ wọn padà, mi ò ní ẹjọ́ pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró. Wọ́n kọjá ààlà àtijọ́, wọ́n lọ dé odò Svir, wọ́n gba ìlú Petrozavodsk, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tuntun. Ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti gba òmìnira ní 1917. Wọ́n kó àwọn ará Rọ́ṣíà tó wà níbẹ̀ sí àgọ́, obìnrin, ọmọdé, arúgbó. Ebi àti àìsàn pa èyí tó lé ní 4,000 nínú wọn. Mannerheim kọ̀ láti bá Jámánì wọ Leningrad, ìyẹn òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n sójà rẹ̀ ló dí ọ̀nà àríwá nígbà tí ebi ń pa ìlú yẹn. Gẹ̀ẹ́sì tó pàtẹ́wọ́ fún wọn lánàá wá kéde ogun lé wọn lórí ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá 1941, ọjọ́ àjọ̀dún òmìnira wọn gan-an.

Tí wọ́n bá bi mí, ti 1939, kò sí ẹ̀bi wọn níbẹ̀. Ti 1941, ẹ̀bi wà, kì í sì í ṣe ti pé wọ́n bá Hitler gba ọ̀nà kan náà. Ẹ̀bi náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti kọjá ààlà.


Atúnfóònùṣe_Ẹ̀pẹ́:

Ìyá wa, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn kan o. Ṣé ẹ̀yin á fún Stalin nílẹ̀ yẹn ní 1939? Mo rí i kà pé Estonia gbà fún un.


Tíṣà_Fẹ̀yìntì:

Estonia gbà, bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1939 ni wọ́n buwọ́ lùwé pé kí sójà Rọ́ṣíà wá gbé lọ́dọ̀ àwọn, Latvia àti Lithuania tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá. Kò pé ọdún kan tí Rọ́ṣíà fi gba gbogbo wọn pátá, 1991 ni wọ́n tó rí òmìnira wọn gbà padà. Àwọn ará Fínlándì sì ti wo Czechoslovakia kí wọ́n tó lọ sí Moscow. Ìyẹn fi ilẹ̀ ẹnu ààlà sílẹ̀ fún Hitler ní 1938 kí àlàáfíà lè wà. Odi rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tó fi sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, Hitler wọ Prague.

Síbẹ̀ èmi ì bá ti ṣe ohun tí Mannerheim wí. Màá sún ààlà Leningrad díẹ̀, màá fún un ní erékùṣù, mi ò ní fún un ní Hanko. Ẹni tó bá ti kó sójà sí Hanko ti wà nínú yàrá rẹ.


Ẹlẹ́ja_Olúwo:

Ọbẹ̀ sọ́sééjì ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ń kà á fún àwọn tí a jọ ń sun ẹja, wọ́n ní ebi ò mọ sójà.

Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ogúnléńdé 400,000 tí ẹ kàn fẹnu bà yẹn, níbo ni wọ́n kó wọn sí? Àwọn ọkùnrin lẹ máa ń sọ tìbọn tọta, èmi ibi tí àwọn ọmọ sùn sí ni mò ń bi yín.


Tíṣà_Fẹ̀yìntì:

Ọkùnrin kọ́ lèmi o, ìyá oníṣòwò. 😀 Ìbéèrè rẹ gan-an ló yẹ kí n ti dá dúró lé lórí.

Wọn ò kó wọn sí àgọ́ kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ títí. Inú ilé onílé ni wọ́n kọ́kọ́ pín wọn sí káàkiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n gba Karelia, ilẹ̀ tí wọ́n pàdánù ní 1940, padà ní 1941, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn palẹ̀ mọ́, wọ́n padà lọ tún ilé kọ́ lórí ìpìlẹ̀ tó jóná, wọ́n gbin ọ̀dùnkún. Ní 1944 wọ́n tún lé wọn kúrò lẹ́ẹ̀kejì, tàwọn ti màlúù wọn. Ní 1945, ìjọba ṣe òfin pé kí ẹni tó ní ilẹ̀ tó pọ̀, kí ìjọ, kí ilé iṣẹ́, kí ìjọba fúnra rẹ̀, kí gbogbo wọn gé nínú ilẹ̀ wọn fún àwọn ogúnléńdé àti àwọn sójà tó ti ogun dé. Wọ́n san owó fún àwọn onílẹ̀, owó yẹn kò sì níye lórí mọ́ nígbà tó yá torí ọ̀wọ́n gógó. Àwọn onílẹ̀ ò dunnú. Wọ́n pe àwọn àlejò náà ní oríṣiríṣi orúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ àgbẹ̀ nínú wọn rí oko dá.

Fi ìyẹn wé bí a ṣe ń ṣe ogúnléńdé nílùú wa níbí, èmi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.


Ọmọ_Pópó:

Tíṣà, ọ̀rọ̀ àwọn Júù ńkọ́? Tí wọ́n bá ti bá Hitler rìn, ṣé wọ́n kó Júù fún un? Èyí tí mo gbọ́ ni pé wọn ò kó ìkankan.


Tíṣà_Fẹ̀yìntì:

Wọ́n kó mẹ́jọ. Oṣù kọkànlá 1942, àwọn ọlọ́pàá Fínlándì fa àwọn Júù mẹ́jọ tó sá wá forí pa mọ́ sọ́dọ̀ wọn lé Jámánì lọ́wọ́, ọmọdé wà nínú wọn. Ẹnì kan péré ló yè. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ jáde, ariwo sọ nílùú débi pé wọn ò tún dán irú ẹ̀ wò mọ́. Àwọn Júù tó jẹ́ ọmọ Fínlándì ní tiwọn ń ṣiṣẹ́ sójà lọ nínú ọmọ ogun Fínlándì, wọ́n ní àgọ́ ìsìn tiwọn lójú ogun, sójà Hitler ò sì jìnnà sí wọn. Kó o tó sọ pé ayé ti dojú rú, rántí pé nínú ogun kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Mẹ́jọ yẹn, òkúta ìrántí wọn wà ní Helsinki láti ọdún 2000.


Ọmọ_ÈkóẸ̀pẹ́:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà fẹnu sí i. Ẹ̀ ń lọ sí Moscow, ẹ fi ìta ilé wa sílẹ̀. Níbo ni ẹ rò pé orúkọ Èkó-Ẹ̀pẹ́, àwa ọmọ Èkó tó wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ti wá?

Oṣù kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn wọ Èkó, Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, jà, ó pa nínú wọn, wọ́n lé e lórí oyè, wọ́n fi Akítóyè sí i. Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀, ó di Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ń ti ibí yìí lọ kọlu Èkó. Nígbà tó ṣe, ó rí i pé ìbọn òun ò lè gba ìtẹ́ padà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà rí i pé ọ̀nà òkòwò ojú ọ̀sà ò lè rọgbọ tí wọn ò bá bá a parí ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1854, òun àti Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Kòsọ́kọ́ ní òun ò ní du Èkó mọ́, òun ò sì ní ta ẹrú mọ́. Wọ́n jẹ́ kó máa ṣòwò rẹ̀, wọ́n ń fún un ní owó ọdọọdún. 1862 ló padà sí Èkó. Ìtẹ́ ò sí níbẹ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni láti du, torí Dòsùmú, ọba Èkó ìgbà náà, ti tọwọ́ bọ̀wé fún Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ 1861, ọkọ̀ ogun wọn ń wò ó láti ojú omi.

Mo fẹ́ kí Tíṣà dá mi lóhùn. Kòsọ́kọ́ jà kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Dòsùmú ò jà. Àwọn méjèèjì gba owó ọdọọdún lọ́wọ́ ẹni kan náà. Kí wá ni èrè ìjà?


Tíṣà_Fẹ̀yìntì:

Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́, o gbé e kalẹ̀ dáadáa, mo sì mọ ibi tí o ń lọ. Mi ò ní tẹ̀ lé ọ débẹ̀. Kòsọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé lórí ara rẹ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ kò bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ yẹn. Dòsùmú tọwọ́ bọ̀wé lórí ìlú. Ohun tí Kòsọ́kọ́ fi ìjà rà ni ọdún méje-mẹ́jọ tó fi jẹ́ olórí ara rẹ̀ níbí, àti pé wọ́n wá a wá sílé láti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ Dòsùmú ni ọkọ̀ ogun lọ ní tirẹ̀.

Fínlándì 1944 fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Oṣù kẹfà ọdún yẹn, Rọ́ṣíà ya bò wọ́n, Viipuri ṣubú ní ọjọ́ 20. Ribbentrop, mínísítà Hitler, fò wọ Helsinki. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ ìbọn, kí wọ́n kọ̀wé pé àwọn ò ní dá bá Rọ́ṣíà parí ìjà lẹ́yìn Jámánì. Risto Ryti, ààrẹ wọn, kọ̀wé náà ní ọjọ́ 26. Ṣùgbọ́n lórúkọ ara rẹ̀ ló kọ ọ́. Kò gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìbọn dé, èyí tí sójà kan lè dá gbé tó ń fọ́ táǹkì. Wọ́n fi dá Rọ́ṣíà dúró lójú ogun Tali-Ihantala. Ní oṣù kẹjọ, Ryti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, wọ́n fi Mannerheim jẹ ààrẹ. Mannerheim ní ìlérí Ryti ò de òun, ó sì bá Rọ́ṣíà parí ìjà ní oṣù kẹsàn-án. Nínú àdéhùn náà, àwọn ni wọ́n máa lé sójà Jámánì jáde fúnra wọn. Bí àwọn Jámánì ṣe ń lọ, wọ́n ń dáná sun àríwá, ìlú Rovaniemi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná tán.

Àwọn kan á ní ìyẹn gan-an ni ìwà ọ̀dàlẹ̀. Ó dalẹ̀ Hitler, mo gbà. Mi ò rí ẹni tó yẹ kó sunkún níbẹ̀.

Ohun tí ó ná Ryti ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Lẹ́yìn ogun, Rọ́ṣíà ní kí wọ́n gbé àwọn olórí wọn lọ sílé ẹjọ́ pé àwọn ló fa ogun. Òfin tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n ṣe é. Ryti gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 1946, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1949 nítorí àìsàn.


Ẹlẹ́ja_Olúwo:

Ẹni tó gba ìbọn tó fi gba ìlú là ni wọ́n wá sọ sẹ́wọ̀n? Ó dáa náà. Gbèsè ogun wá ńkọ́, ta ló san án?


Tíṣà_Fẹ̀yìntì:

Àwọn ló san án. Rọ́ṣíà bu 300 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn, kò sì gba owó, ọjà ló gbà: ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ, wáyà iná, pákó, bébà. Ìlú tó jẹ́ pé igi ló ń tà tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń kọ́ ilé iṣẹ́ irin tipátipá kó lè san gbèsè. Nígbà tí wọ́n san án tán ní 1952, ilé iṣẹ́ náà kù sí wọn lọ́wọ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ṣe Òlíńpíìkì ní Helsinki, òun sì ni Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà lọ. Ọmọ_Pópó, ìyẹn ni kó o lọ fi ṣe fọ́fọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Rọ́ṣíà tún gba Petsamo, ibi tí wọ́n ti ń wa níkù, ó gba Porkkala, tí kò jìnnà sí Helsinki rárá, fún ọdún 50. 1956 ló dá ìyẹn padà. Láti 1948 wọ́n wà nínú àdéhùn kan pẹ̀lú Rọ́ṣíà tó jẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́ ẹnu wọn. Paasikivi kan náà tó lọ sí Moscow ní 1939 ló di ààrẹ lẹ́yìn Mannerheim, òun ló dá ọ̀nà yẹn sílẹ̀: fọhùn jẹ́ẹ́ sí Rọ́ṣíà, di ìbò rẹ, ṣe ọjà rẹ, má jẹ́ kí sójà rẹ̀ wọlé. Àwọn ará ìta ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹrú Moscow ni wọ́n. Kí àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà wá fi ààlà tó lé ní kìlómítà 1,300 gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rọ́ṣíà ná.


Ọmọ_ÈkóẸ̀pẹ́:

Tíṣà, mo ṣì ní ẹ yàgò fún ìbéèrè mi. Tí Paasikivi bá jẹ́ ẹni tó jàre ní 1948, kí ló dé tí kò fi jàre ní 1939?


Tíṣà_Fẹ̀yìntì:

Torí pé ní 1948 Stalin ti mọ iye tó máa ná òun. Ní 1939 kò tíì mọ̀. Wá sílé kí a jọ jà á, mo ń lọ kó aṣọ tí mo sá sóòrùn wọlé kí òjò tó dé.